Ife tó Borí Ife: Kí Ló Dé tí Real Madrid Ń Gbà Á Ṣáá?



Tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Real Madrid ní họ́stẹ̀lì, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni ọkàn gbogbo wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n Real Madrid kan náà ní ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí básíkẹ́ẹ̀tì. Láti ọdún 1931 ni wọ́n ti ní in. Ikọ̀ yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé nípa rẹ̀ lónìí, òun àti ife kan tí wọ́n ti gbà títí, tó fi wá dà bíi pé wọ́n ti kọ orúkọ wọn sí i lára kí alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ tán.

Irú ife wo ni?

Supercopa ni wọ́n ń pè é ní orílẹ̀-èdè Spéìn. Ní èdè wa, mo sọ ọ́ ní Ife-tó-borí-ife. Ìdí rẹ̀ nìyí: ife ńlá méjì ni àwọn ikọ̀ básíkẹ́ẹ̀tì Spéìn máa ń dù láàárín ọdún. Èkíní ni ti líìgì, tí wọ́n máa ń fi ọ̀pọ̀ oṣù gbá. Èkejì ni Copa del Rey, ìyẹn Ife Ọba. Ikọ̀ mẹ́jọ ló máa ń pàdé fún Ife Ọba ní ìlú kan ṣoṣo nínú oṣù kejì ọdún, wọn á sì parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Supercopa ló wá ń kó àwọn tó borí jọ. Ikọ̀ mẹ́rin péré ló ń gbá a: èyí tó gba líìgì, èyí tó gba Ife Ọba, ikọ̀ ìlú tó gbà wọ́n lálejò, àti ọ̀kan sí i tí iṣẹ́ rẹ̀ dára lọ́dún tó kọjá. Tí ikọ̀ kan bá gba ife méjèèjì, wọ́n á wá ẹlòmíì tó yẹ láti fi dí àyè tó ṣófo.

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n sábà máa ń gbá a, nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọlidé dé. Ọjọ́ méjì ló ń gbà. Lọ́jọ́ kìíní, ìdíje méjì. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjì tó borí á kojú ara wọn ní àṣekágbá. Ó parí nìyẹn. Kò sí pé a ó tún un gbá nílé tiyín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Endesa, iléeṣẹ́ iná mànàmáná ní Spéìn, ló ń náwó sí i. Ìyẹn ni pé wọ́n dà bíi NEPA tiwọn, àfi pé iná tiwọn kì í lọ ní prep!

Òfin díẹ̀ fún ẹni tí kì í gbá a

Ẹ̀yin tí ẹ kì í wá sí pápá, ẹ fara balẹ̀. Èèyàn márùn-ún ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń fi sórí pápá. Wọ́n á gbá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ́nà mẹ́rin. Agbọ̀n tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí ga ní mítà 3.05 láti ilẹ̀. Tí o bá dúró sẹ́yìn ìlà tó jìn ní mítà 6.75 tí o jù ú wọlé, pọ́ìntì mẹ́ta ni. Tí o bá wà nínú ìlà, pọ́ìntì méjì. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ ọ́ tí rẹfirí ní kí o dá nìkan jù ú, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé jẹ́ pọ́ìntì kan. Kò sí ọ̀mì nínú rẹ̀ rárá. Tí pọ́ìntì bá dọ́gba, wọ́n á fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún un títí ẹnì kan á fi borí.

Òfin tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù lọ ni èyí: èèyàn méjìlá ló wà nínú ikọ̀, kóòṣì sì lè pààrọ̀ wọn iye ìgbà tó bá wù ú. Ẹni tó jáde lè padà wọlé. Torí náà, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kì í ṣe òǹwòran. Ikọ̀ tó ní márùn-ún tó dára, tí méje tó kù ò já mọ́ nǹkan kan, á rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ife náà ṣe ń rìn

Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá Supercopa, Real Madrid ló sì gbà á. Wọ́n gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n bá pa á tì. Ó di 2004 kí àjọ ACB tó ń darí líìgì tó gbé e dìde padà. Barcelona ló gbà á lọ́dún yẹn.

Ẹ wá wo bó ṣe lọ lẹ́yìn náà. Baskonia, ikọ̀ ìlú Vitoria, gbà á láti 2005 dé 2008, ẹ̀ẹ̀mẹrin léra. Barcelona gbà á láti 2009 dé 2011, ẹ̀ẹ̀mẹta léra. Real Madrid gbà á láti 2012 dé 2014, ẹ̀ẹ̀mẹta léra. Ife náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri bí ẹyẹ: Barcelona lọ́dún 2015, Gran Canaria lọ́dún 2016, Valencia lọ́dún 2017. Nígbà tó di 2018, Real Madrid mú un, wọn ò sì jù ú sílẹ̀ títí 2023 fi kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà léra! Láti 2019 dé 2022, Barcelona ni wọ́n ń nà ní àṣekágbá lọ́dọọdún.

Tí a bá ṣírò rẹ̀ láti 1984 dé 2024, ìgbà 25 ni wọ́n ti gbá ife yìí. Real Madrid gba 10, Barcelona gba 6, Baskonia gba 4, Joventut gba 2. Gran Canaria, Valencia àti Unicaja gba ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́?

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yà mí lẹ́nu ni pé ọjọ́ méjì kéré. Nínú líìgì, tí o bá pàdánù lónìí, ọ̀la ń bẹ. Nínú Supercopa, tí bọ́ọ̀lù ò bá ti wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹrù di dídì nìyẹn, ó di ilé. Ó yẹ kí oríire máa gbé ife bẹ́ẹ̀ lọ síbí lọ sọ́hùn-ún. Kí ló wá mú un dúró sójú kan fún ọdún mẹ́fà?

Èsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni owó. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, owó wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ń mú owó gọbọi wọlé fún Real Madrid, básíkẹ́ẹ̀tì sì ń jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Barcelona náà lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, wọ́n sì nà án ní àṣekágbá mẹ́rin léra. Owó nìkan kọ́.

Àwọn míì á ní ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù ni. Ẹ jẹ́ ká wo ìyẹn náà. Luka Dončić, ọmọ Slovenia tó di gbajúmọ̀ ní Amẹ́ríkà, Real Madrid ló ti dàgbà. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó dé ibẹ̀, ọjọ́ orí tèmi gan-an. Ó di ọmọ ọdún 16, ó ti ń bá àwọn àgbà gbá a. Ó gba líìgì, ó gba Ife Ọba, ó gba ife ilẹ̀ Yúróòpù lọ́dún 2018. Síbẹ̀, Supercopa kankan ò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọdún 2015, 2016 àti 2017 tó fi wà nínú ikọ̀ àgbà ni ife náà ń fò kiri. Ó lọ sí Amẹ́ríkà tán ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹfà yẹn. Ìràwọ̀ kan ṣoṣo kì í tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ìlú.

Èrò tèmi ni pé wọ́n pẹ́ pọ̀. Ẹ rántí pé oṣù kẹsàn-án ni. Kò tíì sí ẹni tó gbára dì tán. Ikọ̀ tó kó àwọn tuntun jọ ṣì ń kọ́ orúkọ ara wọn. Àwọn tó ti jọ gbá a fún ọdún púpọ̀ ni bọ́ọ̀lù ń rìn láàárín wọn bí ẹni pé wọ́n di ojú.

Ẹ wo àwọn tó wà nínú ilé náà. Sergio Llull ti wà níbẹ̀ láti 2007. Lọ́dún 2015, ikọ̀ Houston Rockets pè é sí Amẹ́ríkà, ó ní òun ò lọ. Rudy Fernández wà níbẹ̀ láti 2012 títí tó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 2024. Felipe Reyes lò láti 2004 dé 2021. Walter Tavares, tó ga tó mítà 2.20, dé lọ́dún 2017. Ọmọ Cape Verde ni, ẹni ọdún 17 ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá básíkẹ́ẹ̀tì rárá! Pablo Laso jẹ́ kóòṣì wọn láti 2011 dé 2022. Nígbà tó lọ, wọn ò wá àlejò. Igbákejì rẹ̀, Chus Mateo, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Òun ló darí wọn gba ti 2022 àti 2023.

Bí àgbà ṣe ń bẹ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọdé ń bẹ. Usman Garuba, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wọ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Real Madrid ní kékeré. Ọmọ ọdún 16 ló jẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ wọ ikọ̀ àgbà lọ́dún 2018. Àwọn àgbà yẹn ló bá lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń kọ́ṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹni tó já ife náà gbà

Ẹ̀rí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Murcia. Lọ́dún 2023, Real Madrid na Unicaja, ikọ̀ ìlú Málaga, ní àṣekágbá níbẹ̀. Lọ́dún 2024, ìlú kan náà, àṣekágbá kan náà, àwọn méjèèjì tún pàdé. Lọ́tẹ̀ yìí, Unicaja ló gbé ife lọ sílé.

Kí ló yí padà? Láàárín ọlidé yẹn, Rudy Fernández àti Sergio Rodríguez fẹ̀yìn tì ní Real Madrid. Yabusele, Poirier àti Causeur náà kó ẹrù wọn. Garuba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti Amẹ́ríkà padà bọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní Unicaja, kóòṣì Ibon Navarro, tó ti wà níbẹ̀ láti 2022, di ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ mú. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọbẹ̀ tí Real Madrid ń sè ni Unicaja kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ó kan àwa náà

Nínú ilé-ẹ̀kọ́ wa, Ilé Àwọ̀-Ewé ti gba ife básíkẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́ta léra. Mo gbọ́ tí àwọn kan nínú Ilé Pupa tiwa ń sọ pé ká má tilẹ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ ní táàmù yìí, pé Ilé Àwọ̀-Ewé ló máa gbà á náà ni. Torí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe jókòó kọ gbogbo èyí.

Ẹ̀yin sìníọ̀ wa, ẹ má bínú sí mi. Ẹ wo bí a ṣe ń yan ikọ̀. Lọ́dọọdún, SS3 ló ń kún ikọ̀ wa. Wọ́n á ṣe WAEC, wọ́n á lọ, àwa á tún bẹ̀rẹ̀ láti A B D. Ọmọ JSS tó bá wà níbẹ̀, omi ló ń gbé. Ní Ilé Àwọ̀-Ewé, balógun ikọ̀ wọn tó wà ní SS2 báyìí, láti JSS1 ni wọ́n ti ń fi í sórí pápá. Ọdún márùn-ún rèé tó ti ń bá wọn gbá a. Ta ló fẹ́ fi ikọ̀ oṣù méjì borí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Ẹ̀bẹ̀ mi ò ju ẹyọ kan lọ. Nínú àwọn méjìlá tí a ó kọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí mẹ́rin jẹ́ ọmọ JSS, kí wọ́n sì máa wọlé gbá a, ì báà ṣe ìṣẹ́jú méjì-méjì. Mo mọ̀ pé a lè má borí lọ́dún yìí. Unicaja náà kọ́kọ́ pàdánù ní 2023. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Agbọ̀n tó ga ní mítà 3.05 kì í ṣe pẹpẹ kékeré, mo gbà. Ṣùgbọ́n a ó máa ga sí i, ẹ̀yin á sì ti lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa gba orúkọ. Ẹ̀yin JSS Ilé Pupa, ẹ wá sí pápá lẹ́yìn síésítà. Èmi ti kọ tèmi sílẹ̀.