Ọkọ̀ Tí Wọ́n Tò Nílé àbí Tòkunbọ̀: Èwo La Ó Rà?

Ẹ̀yin ará wa, bí àwọn ará ilé bá ní ká fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò.

Ní 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Ìjàpá l'Ékòó, tí Peugeot náà bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Títò ni wọ́n ń tò ó; òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ ti ń wá. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ láti 1986, ọkọ̀ tuntun kọjá agbára olówó oṣù. Bí Tòkunbọ̀ ṣe gba ọjà nìyẹn.

Ní 2013, ìjọba bu owó ibodè ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún lé ọkọ̀ tuntun láti òkèèrè, pẹ̀lú èlé orí rẹ̀ ìdá 35, kí àwọn ilé iṣẹ́ bí Innoson ní Nnewi lè rọ́wọ́ mú. Òfin Ìṣúná 2020 dín èlé náà kù sí ìdá 5. Ẹni tó yáwó kọ́lé iṣẹ́ nítorí òfin àkọ́kọ́, kí ni yóò fi san gbèsè?

Ẹ má ra ọkọ̀ Peckham ránṣẹ́ o: ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà, ọwọ́ òsì sì ni wọ́n ń fẹ́ nílé láti 1972.

Kí ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ béèrè owó ọkọ̀ ojú omi, owó ibodè, bóyá mẹkáníìkì àdúgbò mọ ọkọ̀ náà, àti iye tí yóò tà lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Owó tí a fi ra ọkọ̀ kọ́ ni gbogbo ìnáwó rẹ̀.