Iṣẹ́ Kún Ngomari, Ipò Ni Kò Sí: Ọ̀ràn Àwọn Apoògùn Tuntun

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ẹ̀kọ́ ìpoògùn, ohun tí àwọn òbí sábà máa ń sọ ni pé kò síṣẹ́ mọ́, ohun tí àwọn aṣáájú iṣẹ́ náà sì máa ń fi fèsì ni pé apoògùn kò tíì pọ̀ tó rárá ní Nàìjíríà. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ méjèèjì tako ara wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àdúgbò kan bíi Ngomari, ní ìwọ̀-oòrùn Maiduguri lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú, yóò rí i pé kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Iṣẹ́ tó yẹ kí apoògùn ṣe kún ibẹ̀ dẹ́múdẹ́mú; ipò tí wọn yóò gbà á sí, tí wọn yóò sì máa sanwó oṣù fún un nítorí iṣẹ́ náà gan-an, ló ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kò ṣòro láti tọ́ka sí. Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ooru Maiduguri a máa kọjá digírì 40, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ páálí oògùn ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí a má ṣe tọ́jú wọn síbi tó gbóná ju digírì 30 lọ. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù tí kò ní àjà, tí oòrùn ọ̀sán ń ta sí lórí, lè jẹ́ kí agbára oògùn tó dára dín kù láìjẹ́ pé àwọ̀ tàbí òórùn rẹ̀ yí padà, ẹni tó rà á kò sì ní mọ̀. Insulin tí àwọn alátọ̀gbẹ fi ń gbé ẹ̀mí ró, àti oxytocin tí àwọn agbẹ̀bí fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lára obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, gbọ́dọ̀ wà nínú fíríìjì láàárín digírì 2 sí 8. Ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀rọ ìwọn-ooru inú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ó kọ iye tó rí sínú ìwé, kí ó sì lè dá a mọ̀, nígbà tí iná bá ti lọ pẹ́ jù, èyí tó ṣì ṣeé lò àti èyí tó yẹ kí wọ́n dà nù. Ní ìlú tí wọ́n ba òpó iná tó wọ inú rẹ̀ jẹ́ ní 2021, tó sì wà láìsí iná ìjọba fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Lẹ́yìn èyí ni ti oníbàárà tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó, tó fẹ́ ra kápúsù amoxicillin mẹ́fà nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó yẹ kó lò fún ọjọ́ márùn-ún, tí ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ bá sọ̀rọ̀ ní èdè Hausa tàbí Kanuri tàbí Lárúbáwá àwọn Shuwa, kó lè yé e pé àìsàn tí oògùn dé ìdajì lára rẹ̀ lè padà wá pẹ̀lú agbára.

Ọ̀nà tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń gbà di apoògùn kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ìdílé: ọdún márùn-ún fún oyè B.Pharm tàbí mẹ́fà fún Pharm.D, ọdún kan ti íntánṣíìpù, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ àbójútó ní ibi tí Pharmacy Council of Nigeria, ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń fún apoògùn níwèé àṣẹ, ti fọwọ́ sí, lẹ́yìn náà ni ọdún ìsìnrúùlú. Yunifásítì Maiduguri, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìpoògùn tirẹ̀ àti ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ ìṣègùn. Àwọn ọmọ Yorùbá náà sì wà lára àwọn tó ń gòkè lọ sí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ní Àríwá nígbà tí àyè íntánṣíìpù ní Èkó, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ bá ti kún. Àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ gbà pé ọdún kẹfà tí Pharm.D fi kún un, èyí tó mú akẹ́kọ̀ọ́ sún mọ́ ibùsùn aláìsàn, yóò jẹ́ kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa wá wọn. Aláìsàn yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìrètí pé oyè tó gùn sí i ni yóò bí ipò tuntun kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ìṣúná àti ìyọ̀ǹda ìgbanisíṣẹ́ ni ìjọba ń wò kó tó gbani, kì í wo iye ọdún tí ẹnì kan lò ní yunifásítì.

Ìjọba yìí gan-an ni ibi tí àlàfo náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kò lè gba òṣìṣẹ́ tuntun láìkọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda láti Abuja, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ sì lè fẹ̀yìn tì kí ìyọ̀ǹda tí wọn yóò fi wá arọ́pò wọn tó dé. Ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, ìyẹn ilé ìwòsàn kékeré tó sún mọ́ ará àdúgbò jù, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìlànà tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó irú ilé ìwòsàn wọ̀nyí fi lélẹ̀ nípa àwọn òṣìṣẹ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀ dárúkọ pharmacy technician, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ apoògùn, kò dárúkọ apoògùn fúnra rẹ̀. Òfin ìlera ti 2014 ya owó sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, ó sì sọ pé kí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ sórí oògùn, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti àwọn èròjà ìtọ́jú. Báyìí ni òfin ṣe pèsè owó oògùn, tí ìlànà òṣìṣẹ́ kò sì fi dandan lé e pé kí ẹni tó kọ́ nípa oògùn fún ọdún márùn-ún máa ṣọ́ ọ. Apoògùn kan ṣoṣo tí wọ́n bá gbà láti máa yípo láàárín ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò wúlò fún Maiduguri ju ọ̀pọ̀ àpérò lọ.

Dípò irú nǹkan báyìí, ipò consultant ló gba ẹnu àwọn aṣáájú kan, ìyẹn ipò àgbà onímọ̀ tí àwọn dókítà ti ń jẹ tipẹ́, tí àwọn apoògùn tó ti gba ìwé ẹ̀rí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn apoògùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fẹ́ kí àwọn náà máa jẹ. Ohun tí wọ́n ń bèèrè tọ́, kò sì sí ìdí tó mọ́gbọ́n wá tí àwọn dókítà yóò fi máa dí i lọ́wọ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ló wà láàárín ipò náà àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, ìjà tí wọ́n ń jà lórí òrùlé kò sì tíì kan ẹni tí kò tíì rí ẹnu ọ̀nà wọlé.

Níwọ̀n bí ìjọba kò ti gbà wọ́n tó, ìgboro ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọjú sí, ibẹ̀ sì ni àríyànjiyàn tó jinlẹ̀ jù wà. Òfin ní kò sí ẹni tó lè ṣí ilé ìtajà oògùn, ìyẹn fámásì gidi, láìní apoògùn alábòójútó tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba, tí yóò sì máa wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó lówó láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kì í sábà jẹ́ apoògùn, ìwé tí apoògùn ní kò sì jọ owó. Láti inú àìní méjèèjì yìí ni ètò tí àwọn oníṣẹ́ náà ń pè ní register and go ti jáde: ọ̀dọ́ apoògùn yóò fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún oníṣòwò, oníṣòwò yóò san iye kan fún un lọ́dọọdún, wọn yóò gbé ìwé àṣẹ rẹ̀ kọ́ sára ògiri, ẹni tó ni ìwé náà yóò sì wà ní ìlú mìíràn tàbí lẹ́nu iṣẹ́ mìíràn, nígbà tí ọmọ ọjà tí kò kọ́ nípa oògùn yóò máa tajà ní abẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe é ní àwíjàre tí kò yẹ kí a fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní owó oṣù tí àwọn onílé ìtajà fi ń lọ ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kéré débi pé kò tó owó ilé àti owó ọkọ̀, nígbà tí owó orúkọ ń wọlé láìdí wọn lọ́wọ́ iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n tún ní ẹ̀wádún ẹ̀wádún ni àṣà náà ti wà, pé àwọn kan lára àwọn tó ń bá wọn wí lónìí ti jẹ níbẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ wọn lè jẹ́ òótọ́ látòkè délẹ̀, àṣà náà yóò sì ṣì máa ṣe wọ́n ní ibi. Oníṣòwò tó ti mọ̀ pé òun lè fi owó díẹ̀ ra orúkọ kò ní rí ìdí tí òun yóò fi san owó gidi fún ọwọ́ àti ọpọlọ. Gbogbo orúkọ tí ẹnì kan bá yá oníṣòwò lò ni ipò kan tí ẹlòmíràn ìbá dé, kíláàsì tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni yóò sì bá owó oṣù tó ti wó lulẹ̀ pàdé. Bí oògùn ayédèrú bá sì pa ènìyàn, orúkọ tó wà lára ògiri ni òfin yóò kọ́kọ́ bi léèrè. Àjọ NAFDAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993, tí Dora Akunyili, tó jẹ́ apoògùn, sì darí láti 2001 sí 2008, lè gbógun ti oògùn ayédèrú ní ibodè àti ní ọjà ńlá, ṣùgbọ́n kò sí àjọ tó lè jókòó sẹ́yìn káńtà ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan dípò apoògùn tí kò sí nílé.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibí yìí, àwọn àgbà iṣẹ́ a máa yí i sórí àwọn oníkẹ́mísìtì. Kẹ́mísìtì ni ṣọ́ọ̀bù tí ẹni tí kì í ṣe apoògùn gba ìwé àṣẹ láti máa tà nínú rẹ̀ kìkì àwọn oògùn tí kò nílò ìwé dókítà, nínú páálí wọn, láìfi oògùn apakòkòrò tàbí abẹ́rẹ́ kún un. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wọn kò dúró síbẹ̀. Àwọn kan gbà gbọ́ pé bí ìjọba bá ti àwọn kẹ́mísìtì pa, iṣẹ́ yóò ya fún àwọn apoògùn. Àwọn mìíràn, tí ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń fún apoògùn níwèé àṣẹ wà lára wọn, fẹ́ pín àwọn oníkẹ́mísìtì sí ìpele mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní, kí wọ́n kọ́ wọn sí i, kí wọ́n sì gba àwọn tó mọ̀ jù láàyè láti ṣe díẹ̀ sí i, nítorí pé àwọn ni aláìsàn kọ́kọ́ ń bá pàdé níbi tí kò sí apoògùn. Àwọn apoògùn kan ka èyí sí fífi ogún wọn tọrẹ.

Ọ̀rọ̀ ìtìpa yìí kò fi bẹ́ẹ̀ dáni lójú, ó kéré tán ní àdúgbò bíi Ngomari, níbi tí àwọn ìdílé tí ogun lé kúrò lóko wọn ti dà pọ̀ mọ́ àwọn onílé. Èrè orí ẹyọ Panadol mẹ́rin àti omi iyọ̀ onísúgà kan kò lè san owó oṣù apoògùn, yálà kẹ́mísìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tàbí kò sí. Ibi tí àwọn apoògùn ti jàre ni ti oògùn líle: tramadol àti omi ikọ́ onícodeine, tí ìjọba fòfin de pípèsè àti kíkó wọlé rẹ̀ ní 2018, ti ba ayé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Àríwá jẹ́, kò sì yẹ kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ oògùn sún mọ́ irú wọn rárá.

Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní Maiduguri ní 2009 mú agbanisíṣẹ́ mìíràn wá, ìyẹn àwọn àjọ aláàánú àti àwọn ẹ̀ka àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, tí wọ́n nílò ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oògùn sí ilé ìkóǹkanpamọ́, bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń fi ránṣẹ́ sí ìlú bíi Bama, Gwoza tàbí Monguno láìjẹ́ kí ooru bà á jẹ́. Iṣẹ́ wọn ń kọ́ni dáadáa, owó rẹ̀ sì sàn ju ti ìgboro lọ. Àmọ́ iṣẹ́ àdéhùn oṣù díẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, tó ń parí nígbà tí owó àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkèèrè bá tán. Oògùn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín, tí ẹni tí ogun lé kúrò nílé kò lè ṣe kó má gbà, tún ń dín iye àwọn tó ń ra oògùn ní fámásì àdúgbò kù. A kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún èyí, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó fẹ́ yáwó ṣí fámásì níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi í sínú ìṣirò rẹ̀.

Òkèèrè ni ọ̀pọ̀ ń wò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apoògùn tó ti ṣe íntánṣíìpù ní Nàìjíríà yóò kọ́kọ́ padà sí yunifásítì fún ọdún kan, yóò tún ìkọ́ṣẹ́ ọdún kan ṣe, yóò sì yege ìdánwò ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò FPGEE ló dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Àjọ ìlera àgbáyé fi Nàìjíríà sí ara àwọn orílẹ̀-èdè tí kò yẹ kí àwọn olówó wá máa fa àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wọn lọ, ṣùgbọ́n ìlànà náà kò dí ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ lọ́wọ́.

Ibi tí ìrètí fún àwọn tó dúró nílé wà jù ni ètò adójútòfò ìlera, tí òfin 2022 sọ di dandan fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé ètò tó bá ń sanwó oògùn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé lè sọ fámásì àdúgbò di ibi tó lè gba apoògùn kan tàbí méjì síṣẹ́. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni ìlànà ìsanwó rẹ̀: nínú ọ̀pọ̀ àdéhùn, wọ́n ń san iye kan lóṣooṣù lórí orí ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ilé ìwòsàn tó forúkọ sílẹ̀ sí, ilé ìwòsàn náà ní àpótí oògùn tirẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò mú un kọ ìwé oògùn jáde fún fámásì tó wà níta. Àwọn apoògùn ìgboro ti ń bèèrè tipẹ́ pé kí wọ́n ya owó oògùn sọ́tọ̀ kúrò nínú owó ìtọ́jú, kí aláìsàn lè gba oògùn rẹ̀ níbi tí apoògùn wà, àwọn ilé ìwòsàn tó ń fi owó oògùn dúró kò sì fẹ́ gbọ́ ọ sétí.