Bí Ọwọ́ Ayàwòrán Bá Dàgbà

Ọdún 1950 ni wọ́n bí àwọn ayàwòrán méjì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Ọ̀kan ni Wálé Adénúgà tiwa. Èkejì ni John Byrne, tí wọ́n bí ní England, tó dàgbà sí Kánádà, tó wá di ìlúmọ̀ọ́ká nínú ìwé ìtàn aláwòrán ní Amẹ́ríkà.

Ọdún 1976 ni Adénúgà gbé ìwé ìtàn aláwòrán Ikebe Super jáde. Papa Ajasco apárí tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin, Pa Jimoh, Boy Alinco àti Miss Pepeye ló ń dá wa lára yá nínú rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní girama ní Ṣakí, ẹ̀dà kan ṣoṣo tó bá wọ̀lú láti Ìbàdàn ni gbogbo kíláàsì máa ń kà, títí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi já. Ọmọ tí kì í ṣí ìwé rárá yóò jókòó tì í.

Byrne ní tirẹ̀ ya X-Men láti 1977 sí 1981, Chris Claremont ló ń kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ Fantastic Four, tó tún ń yà á, títí di 1986. Ọdún yẹn náà ló tún ìtàn Superman bẹ̀rẹ̀ nínú The Man of Steel. Iṣẹ́ akin ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ gbà pé àwọn iṣẹ́ tó tẹ̀lé e kò dùn tó ti ìṣáájú, wọ́n sì mọ̀ ọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún èsì kíkan sí ẹni tó bá ta kò ó.

Mo káàánú rẹ̀. Ẹni tó ń ya nǹkan bí ojú ìwé 20 lóṣooṣù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó di dandan kó rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìjà ló ń ba iyì jẹ́. Ní Ìsẹ́yìn, àgbà ahunṣọ tí ojú rẹ̀ kò rí òwú dáadáa mọ́ a máa jókòó ti àwọn ọmọ iṣẹ́, a máa tọ́ka ibi tí òwú ti yẹ̀. Ọ̀gá ni wọ́n ṣì ń pè é.

Adénúgà kò dúró kí bébà tán lọ́wọ́ òun. Ní 1984, Papa Ajasco ti di fíìmù. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n. Super Story tẹ̀lé e ní 2001. Àwọn òṣèré gba iṣẹ́ tí kálàmù ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Àwa òǹkàwé náà ní ẹ̀bi tiwa. A kì í bú àgbà nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ òní kò tó ti àná. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ sọ àléébù iṣẹ́ fún ayàwòrán tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kí ayàwòrán náà gbà pé ẹni tó fowó ra ìwé òun fún ogún ọdún lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀, kó sì fi ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nígbà tó ṣì lágbára.