Síkírù Àyìndé Barrister: Láti Orin Ajísààrì dé Iṣẹ́ Fújì

Orin ajísààrì kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù Ràmàdáánì nìkan ni àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn aláàwẹ̀ láti jẹ sààrì. Bí a bá ti jẹ ọdún ìtúnu tán, olúkúlùkù yóò padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Bí irú orin bẹ́ẹ̀ ṣe di ohun tí ènìyàn ń fi gbọ́ bùkátà yípo ọdún ni ìtàn Síkírù Àyìndé Balógun, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Barrister, fi yé ni. Òṣòdì, níbi tí Máfolúkù wà, sì ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà.

Èkó ni a bí i sí ní ọjọ́ 9, oṣù kejì, ọdún 1948, ṣùgbọ́n ará Ìbàdàn ni àwọn òbí rẹ̀. Alápatà ni bàbá rẹ̀. Oníṣòwò ni ìyá rẹ̀. Láti kékeré ni ó ti ń kọ wéré. Nígbà tí ó dàgbà, ó ṣiṣẹ́ akọ̀wé tí ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ilé-iṣẹ́ Nigerian Breweries. Nígbà ogun abẹ́lé (1967–1970), ó di ọmọ ogun. Akọ̀wé ni wọ́n gbà á fún, síbẹ̀ ó dé ojú ogun ní Asaba, Onitsha, Abagana àti Awka.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n gbé e lọ sí Àpápá, lẹ́yìn náà sí ibùdó àwọn ológun tí ó wà ní Òṣòdì. Ibùdó yìí ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ológun tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ tí wọn yóò máa ṣe jẹun. (Kò dájú pé wéré wà lára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.) Níbẹ̀ ni Àyìndé ti fi owó oṣù ìjọba sílẹ̀, tí ó kó ènìyàn 34 jọ, tí ó sì pè wọ́n ní Supreme Fuji Commanders. Ohùn ológun kò ṣàì hàn nínú orúkọ náà.

Ẹnu ènìyàn 34 kò ṣeé fi oṣù kan bọ́. Nítorí náà ni orin náà fi ní láti bá ìkómọ, ìgbéyàwó àti òkú àgbà mu. Ìwúre àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò kúrò nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n oríkì àwọn olówó, òwe, àríwísí àti ọ̀rọ̀ ìṣèlú wọlé. Àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu yíyin olówó. Wọn kò jẹ̀bi pátápátá, àmọ́ ohun tí ó ń bọ́ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Orí òkè Fuji ní Jàpáánì, tí ó rí nínú àwòrán ìpolówó kan ní pápákọ̀ òfurufú, ni ó ti mú orúkọ “fújì”. Orin náà fúnra rẹ̀ kò jẹ Jàpáánì ní gbèsè kankan: sákárà àti àpàlà ni gbòǹgbò rẹ̀. Bákan náà, Dáúdà Epo Àkàrà àti Gàníyù Kútì náà ń kọ wéré ní Ìbàdàn. Àsọdùn ni láti sọ pé Àyìndé nìkan ni ó dá a sílẹ̀. Orúkọ àti ètò iṣẹ́ ni ti rẹ̀.

Ó dá ilé-iṣẹ́ àwo ti ara rẹ̀, Siky-Oluyole, sílẹ̀. Fuji Garbage jáde ní 1988. Ìjọba àpapọ̀ fi oyè MFR dá a lọ́lá ní 2006. Wàsíù Àyìndé, tí ó ti ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ di ẹrù ìlù, fi orúkọ Barrister sára àwo tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìlú London ni Àyìndé kú sí ní ọjọ́ 16, oṣù kejìlá, ọdún 2010. Ìsọlọ̀ ni wọ́n sin ín sí, nínú ọgbà ilé rẹ̀ tí a mọ̀ sí Fuji Chambers.