Ẹran ewúrẹ́ Langley Park: ọ̀nà jíjìn ló ti wá

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà tàbí ti àwọn ará El Salvador ní Langley Park, ní Maryland níbí, á rí ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́, tó dì gbagidi nínú fírísà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pè é ní ẹran ilé. Ilé wo? Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran ewúrẹ́ tí Amẹ́ríkà ń rà wá láti òkè òkun, Australia ló ti ń wá.

Òwò ẹran dídì ti pẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 1882, ọkọ̀ ojú omi Dunedin gbéra ní New Zealand pẹ̀lú nǹkan bí 5,000 àgùntàn tí wọ́n ti pa. Oṣù karùn-ún ló gúnlẹ̀ sí London, wọ́n sì rí ẹran náà tà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹsẹ̀ ni màlúù fi ń rìn wá láti òkè Ọya, kó tó di pé reluwé dé Kano ní 1912. Ní Ìbàdàn, Sábó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916 di ojúkò òwò náà. Abner Cohen kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1969, ohun tó sì yà wá lẹ́nu jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwìn. Oníṣòwò tó da màlúù wá á wọ̀ sílé baálé kan ní Sábó. Àwọn alápatà Yorùbá á ra màlúù láwìn, baálé á ṣe onígbọ̀wọ́. Bí alápatà ò bá san, ọrùn baálé ni gbèsè wà. Kò sí báńkì níbẹ̀ o, ìfọkàntán ni.

Kí ló wá dé tí kílíṣí táwọn òbí wa dì sínú àpótí kì í kọjá pápákọ̀ òfuurufú? Àrùn ẹsẹ̀ òun ẹnu ni. Ọdún 1929 ni Amẹ́ríkà rí i kẹ́yìn lára ẹran ọ̀sìn rẹ̀, nígbà tó sì di 1930, òfin ka ẹran tútù láti orílẹ̀-èdè tí àrùn náà wà léèwọ̀. Ó ṣì wà ní Nàìjíríà. Ó ń dùn wá, àmọ́ a ò lè pè é ní ìkà. Àrùn màlúù mìíràn run agbo àwọn Fúlàní ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Ọdún 2011 ni wọ́n tó kéde pé ó ti tán láyé.

Ní oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu dá iléeṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó máa dé ara màlúù la ó fi mọ iṣẹ́ rẹ̀.