Ewéko Àjèjì Orí Ọ̀sà: Ìlàlóye fún Àwọn Ará Etí Omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ẹ̀yin apẹja, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ̀yin ìyá ẹlẹ́ja tí ẹ ń ná ọjà Ẹ̀pẹ́ àti Èjìnrìn, àti gbogbo ẹ̀yin tí ilé yín kọjú sí omi ní Èkó Akéte ilé ọgbọ́n, ẹ̀yin ni a kọ ìwé yìí sí. Ọ̀rọ̀ tí a ní í bá yín sọ kò ju ti ewéko olódòdó aláwọ̀ elésè-àlùkò nì lọ, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní water hyacinth, tí í bo ọ̀sà mọ́lẹ̀ nígbà òjò débi pé àlejò tó bá dúró ní èbúté yóò rò pé pápá ni òun ń wò.

Ewéko yìí kì í ṣe ọmọ omi wa. Agbègbè odò Amasónì, ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù, ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ni ó sì tan àwọn èèyàn tí wọ́n fi ń gbé e kiri ayé, tí wọ́n ń fi í ṣe ọ̀ṣọ́ sínú adágún ọgbà wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí ó bá ìṣàn omi wá láti ìhà Àjàṣẹ́ ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí ó gba Àgbádárìgì wọlé láìgba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ aṣọ́bodè kankan. Kò sì pẹ́ tí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó.

Ẹ má ṣe fi í pe ojú oró, ẹ má sì fi í pe ọ̀ṣíbàtà, àwọn ọmọ onílé tí àwọn bàbá wa máa ń dárúkọ bí wọ́n bá ń ṣúre pé kí ènìyàn lékè bí ewé wọ̀nyí ṣe lékè omi. Ewé ojú oró ní irun wẹ́wẹ́, ó sì pagbo sórí omi. Ọ̀ṣíbàtà ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ewé rẹ̀ ni ó tẹ́ sójú omi. Àjèjì yìí ní tirẹ̀ nàró: ewé rẹ̀ rí róbótó, ó ń dán, ìdí ọ̀pá tó gbé ewé náà sì wú, bí ẹ bá fi ọ̀bẹ la ibi tó wú yẹn, ẹ ó rí i pé ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ kún ni inú rẹ̀, èyí tí kò jẹ́ kí ó rì. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó sì gùn. Lára òdòdó rẹ̀, ẹ ó rí àmì kan aláwọ̀ ìyeyè.

Ìpalára rẹ̀ kò fara sin. A máa lọ́ mọ́ irin tí ń yí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì a sì kú sáàárín omi. A máa fa àwọ̀n ya, a máa gbé ìgèrè lọ. A sì máa dí oòrùn lójú omi, tí èyí tó ń jẹrà lára rẹ̀ ń lo afẹ́fẹ́ tí ẹja ì bá mí tán. Ẹ̀fọn ń pamọ sí ibi tí ó bá dá omi dúró, bẹ́ẹ̀ ni ìgbín omi tí í tan àtọ̀sí ajá kálẹ̀ ń fi gbòǹgbò rẹ̀ ṣe ibùgbé. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn àtọ̀sí ajá wà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí gan-an ni èyí: ewéko náà kò lè fara da iyọ̀. Nígbà òjò, tí Odò Ògùn, Odò Ọ̀ṣun àti Odò Yewa bá ń da omi wọn sínú ọ̀sà, tí wọ́n sì lé omi òkun sẹ́yìn, nígbà náà ni í gbilẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi òkun padà wọlé, ewé a pọ́n, a gbẹ, a rì, ará Mákòko a sì mí kanlẹ̀ pé ó tán. Kò tán. Iyọ̀ kì í dé Ọ̀sà Lẹ́kkí, kì í dé òkè odò, ibẹ̀ ni ìyókù sá pamọ́ sí. Èso tó já sínú ẹrẹ̀ sì lè wà láàyè fún ọdún 15 títí dé 20. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Níbi tí omi bá sì ti bá a lára mu, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó wà nílẹ̀ lè di ìlọ́po méjì.

Nítorí náà, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ wà, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, ní àwọn ẹsẹ̀ odò tí kò níyọ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í sábà wò. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ẹ fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kí ó tó yọ òdòdó; ẹ má ṣe fi àdá ṣá a sínú omi, nítorí ọmọ tó já lára rẹ̀ yóò hù níbòmíràn. Ẹ kó o sí orí ilẹ̀ tí ìkún omi kò lè dé, kí oòrùn pa á. Òkìtì náà yóò sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, nítorí bí a bá pín in sí ọ̀nà 10, omi ni ó gba ohun tó lé ní 9. Ẹ fọ àwọ̀n àti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ẹ tó kúrò ní omi kan bọ́ sí òmíràn. Ti ẹni tí í fi ọ̀pá tì í sí èbúté aládùúgbò, a kò ní ọ̀rọ̀ rere kan láti sọ: ìṣàn kan náà ni yóò dá a padà.

Ẹ má ṣe da oògùn apakoríko sómi, nítorí omi yìí náà ni a ń wẹ̀, ẹja inú rẹ̀ ni a sì ń jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pá gbígbẹ ewéko yìí hun agbọ̀n, kí ó máa hun ún. Iṣẹ́ ọwọ́ tó dára ni, bí kò bá ṣáà ti gbìn ín nítorí owó.

Kòkòrò kékeré kan tún wà tí í jẹ ewéko yìí, Neochetina, tí a kó wá láti ilẹ̀ tí ewéko náà ti ṣẹ̀, lẹ́yìn tí a ti dán an wò dájú pé kì í jẹ ohun ọ̀gbìn. Ní ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí IITA ti Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Bẹ̀nẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sórí omi ní ọ̀hún. Iṣẹ́ rẹ̀ kì í yá, àmọ́ kì í sinmi: òun a máa họ ojú ewé, ìdin rẹ̀ a sì máa gbẹ́ ihò gba inú ọ̀pá lọ. Bí ẹ bá rí àpá róbótó wẹ́wẹ́ lójú ewé, kòkòrò náà ti dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn; ẹ fi èyí lọ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ó lè kó díẹ̀ nínú àwọn kòkòrò náà lọ sí ibi tí ewéko ti gbilẹ̀ tí kòkòrò kò sì tíì dé.