Gìtá Àlòkù Ṣì Lè Dùn Létí

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní Sókótó, ọ̀rọ̀ gìtá ló kàn lónìí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, gìtá tuntun ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òbí. Ọmọ ní òun fẹ́ kọ́ ọ, baba ní kò sówó, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà tó mọ bí wọ́n ṣe ń ta gìtá jùjú ń dín kù láàárín wa. Ọmọ tí kò bá rí gìtá fọwọ́ kàn báyìí, lọ́wọ́ ta ni yóò ti kọ́ ọ lọ́la?

Gìtá àlòkù kì í ṣe ohun ìtìjú. Nígbà tí Àyìndé Bákàrè fẹ́ kí gìtá tirẹ̀ ròkè ní 1949, gìtá onípákó lásán ló so ẹ̀rọ kékeré mọ́. Ẹ sì wo ìhà Òkè Ọya níbí: okùn kan ṣoṣo ló wà lára kuntigi tí Dan Maraya Jos, tó kú ní 2015, fi di olókìkí, agolo sàdíìnì ni wọ́n sì sábà máa ń fi ṣe ikùn rẹ̀. Okùn mẹ́fà ni tiwa o!

Tí ẹ bá rí tòkunbọ̀ kan, tàbí èyí tó ti pẹ́ lórí àjà ilé bàbá àgbà, ẹ gbé e sókè bí ìbọn, kí ẹ fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀. Bó bá ti tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, ẹ fi sílẹ̀, àfi bó bá ní irin inú ọrùn tí wọ́n lè fún kó tún nà. Ẹ wo igi tí okùn so mọ́ lójú àpótí. Bó bá ti ń ṣí, káfíńtà tó mọṣẹ́ lè lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ nínú owó tí ẹ máa san. Okùn tó dípẹtà kò ṣe nǹkan kan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kìkì pé gìtá tí wọ́n ṣe fún okùn náílọ́ọ̀nù kò gbọdọ̀ rí okùn irin, yóò fa igi náà tu.

Ọ̀tá gidi ni ọyẹ́, tí àwọn onílé wa ń pè ní hunturu. Igi á sún kì, etí àwọn irin ọrùn á yọ síta, wọ́n á máa ya ọmọ lọ́wọ́. Fáìlì kékeré ló ń tún ìyẹn ṣe. Níbí gan-an ni olówó pọ́ọ́kú ti borí: pákó gidi tètè ń là, ṣùgbọ́n gìtá pláìwúùdù ń fara dà á. Ẹ lu ihò sí ike ọṣẹ, ẹ rin fóòmù, ẹ fún un dáadáa, ẹ fi sínú ike náà, kí ẹ wá gbé e sínú àpò gìtá. Kó má kan igi o. Tó bá di oṣù kẹrin tí oòrùn Sókótó ń kọjá ogójì ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ẹ má fi gìtá sílẹ̀ nínú mọ́tò rárá. Gọ́ọ̀mù tó di gbogbo rẹ̀ mú á rọ̀.